Ìṣísẹ̀ Méje Níwájú Iná

Orin pọ̀ níbi ìgbéyàwó àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Íńdíà, ijó pọ̀, làálì a sì máa bo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó. Ṣùgbọ́n iwájú iná ni ọ̀rọ̀ wà. Níbẹ̀ ni tọkọtaya ti ń gbé ìṣísẹ̀ méje tí wọ́n ń pè ní saptapadi, ìlérí kọ̀ọ̀kan sì wà fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìlérí oúnjẹ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n fi ń parí rẹ̀, èyí ló sì wuni jù.

Òfin ìgbéyàwó Híńdù ti 1955 sọ pé níbi tí saptapadi bá ti jẹ́ ara ètò, ìṣísẹ̀ keje ló ń fìdí ìgbéyàwó múlẹ̀. Ní 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ níbẹ̀ tún là á mọ́lẹ̀ pé ìwé-ẹ̀rí lásán kò sọ ẹnikẹ́ni di tọkọtaya bí wọn kò bá ṣe ètò tó yẹ. Ìdájọ́ náà tọ̀nà. Kò sì ni ẹnikẹ́ni lára: ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin náà ṣe ní 1967, ọkọ àti ìyàwó lè fi òdòdó kọ́ ara wọn lọ́rùn níwájú ẹbí àti ọ̀rẹ́, láìsí àlùfáà.

Owó tí ìdílé ọkọ ń gbà lọ́wọ́ ìdílé ìyàwó ló ń ba àṣà yìí jẹ́. Òfin ti kà á léèwọ̀ láti 1961, síbẹ̀ wọ́n ń pè é ní ẹ̀bùn, wọ́n ń gbà á. Àwọn òbí ń jẹ gbèsè. Wọ́n ti pa ìyàwó nítorí rẹ̀. Àlùfáà tó bá gbọ́ pé wọ́n béèrè irú owó bẹ́ẹ̀, kó má ṣe dá iná náà rárá.