Oríyìn fún Forrest Mims, Ẹni tó Sọ Iná Kékeré Di Ojú

Iná pupa tíńtín tó wà nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, èyí aláwọ̀ ewé tó ń tàn lára ṣájà fóònù: LED là ń pè wọ́n, ọmọdé pàápàá sì mọ̀ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tàn. Bàbá Forrest Mims, ará Texas ní Amẹ́ríkà, ló fi yé ayé pé LED ń ríran pẹ̀lú. Nítorí èyí, àti nítorí ohun tí bàbá náà fi ìmọ̀ yìí ṣe fún ọdún tó lé ní 30, a dìde dúró kí wọn lónìí.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí LED, iná mànàmáná díẹ̀ á jáde lára rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni pé kì í ṣe gbogbo ìmọ́lẹ̀ ló ń dá lóhùn. So LED aláwọ̀ ewé mọ́ mítà, kí o tan ìmọ́lẹ̀ pupa sí i: mítà ò ní mira. Gbé e síta nínú oòrùn, mítà á dìde. Ẹ̀rọ tó ń dá àwọ̀ mọ̀ nìyẹn, owó rẹ̀ ò sì tó owó búrẹ́dì kan. Gíláàsì asẹ́-àwọ̀ olówó gọbọi ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń rà fún iṣẹ́ yìí, gíláàsì náà sì máa ń bàjẹ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ní 1992, Mims ṣàlàyé ẹ̀rọ tí wọ́n fi LED wọn ìmọ́lẹ̀ oòrùn nínú ìwé ìròyìn Applied Optics.

Ìmọ̀ ìṣèjọba ni wọ́n kà ní yunifásítì Texas A&M, tí wọ́n parí ní 1966. Fúnra wọn ni wọ́n kọ́ iṣẹ́ iná, wọn ò sì fi pamọ́. Getting Started in Electronics, ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ, tí wọ́n sì fọwọ́ ya àwòrán inú rẹ̀ fún ilé ìtajà Radio Shack ní 1983, ti tà ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ṣùgbọ́n sùúrù wọn ló wú wa lórí jù. Láti oṣù kejì ọdún 1990, ní ìlú Seguin, bí ìkùukùu ò bá ti bo oòrùn lọ́sàn-án, Bàbá Mims á gbé ẹ̀rọ àfọwọ́ṣe jáde, wọ́n á kọjú rẹ̀ sí oòrùn, wọ́n á kọ ohun tó kà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wọn wà fún ozone, ìpele òfúrufú tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán líle. Nígbà tó yá, òǹkà rẹ̀ ò bá ti Nimbus-7, sátẹ́láìtì NASA, mu mọ́. Ta ni yóò gbà pé sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà ló ṣì í, pé ẹ̀rọ tí ẹnìkan tò pọ̀ nínú ilé ló tọ̀nà? Bàbá ò jà, wọn ò sì dákẹ́. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n lọ ni. Sátẹ́láìtì náà ló ti ń yẹ̀ lóòótọ́, ìwé ìròyìn Nature sì tẹ àbájáde iṣẹ́ Mims ní 1993. Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìfaradà.

Àwọn ẹ̀rọ oní-LED ní tiwọn ń ka eruku àti èéfín: bí eruku bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú LED ṣe ń dín kù. Irú rẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní GLOBE gbé fún àwọn ọmọ ilé ìwé: LED aláwọ̀ ewé kan, pupa kan, bátìrì kan. Eruku aṣálẹ̀ Sahara máa ń ré òkun kọjá dé Texas nígbà ooru. Aṣálẹ̀ yìí kan náà ló ń rán ọyẹ́ sí wa ní Ìbàdàn, Ìlọrin àti Kétu.

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ nínú ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí. Ẹ yọ LED aláwọ̀ ewé lára rédíò tó ti kú, ẹ fi páìpù dúdú kékeré bò ó kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ má baà wọlé, ẹ so ó mọ́ mítà tó lè ka máíkírò-áḿpíà, kí àwọn ọmọ máa kọ òǹkà ọ̀sán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fi ojú ara wọn wo oòrùn rárá. Òjìji páìpù ni kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ó dojú kọ ọ́. Kí ẹ sì sọ orúkọ Forrest Mims fún wọn.