Ẹni Tó Fìdí Rẹmi, Ẹ Má Lé E Lọ Sílé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde tí ẹ ṣì ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a jọ sọ kí ìsinmi tó dé.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò kóra jọ, wọn yóò ní àwọn fẹ́ ṣe nǹkan fún àwọn ọmọ ìlú. Tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù ni. Ṣùgbọ́n látìgbà tí Túndé Ọnàkọ̀yà ti gbé ayò chess dé iwájú gbogbo ayé, chess ló wà lẹ́nu oníkálukú. Bánà yóò gòkè. Wọn yóò tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sára ẹ̀wù, wọn yóò ra ife ẹ̀yẹ ńlá kan. Wọn yóò kó ọmọ 32 jọ sínú kíláàsì kan. Kí oòrùn tó kan àtàrí, 16 nínú àwọn ọmọ náà ti wà lójú ọ̀nà ilé. Wọ́n ta ayò kan ṣoṣo, wọ́n fìdí rẹmi, a sì ní kí wọ́n máa lọ. Ohun tí a wá ń pè ní ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ nìyẹn.

Èmi ò rí ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ gbé chess lọ sí Agosasa, ẹ jẹ́ ká pa ìdíje knockout tì, ká sì kọ́ ọmọ ká tó ra ife.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó pọ̀. Bí ọmọ 32 bá díje ní knockout, ìpele àkọ́kọ́ yóò ní ayò 16, èkejì 8, ẹ̀kẹta 4, ẹ̀kẹrin 2, àṣekágbá 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 31. Ọmọ 16 ta ayò kan péré. Ọmọ 8 ta méjì. Nínú gbogbo ọmọ 32 yẹn, àwọn méjì péré ló ta ayò márùn-ún.

Ètò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Swiss, nítorí pé ní ìlú Zürich ní orílẹ̀-èdè Switzerland ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó fún ìdíje chess ní ọdún 1895. Bó ṣe ń lọ nìyí. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọmọ ló máa ń ta ayò. Ẹni tó bá jáwé olúborí gba máàkì kan. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, oníkálukú gba ìdajì. Ní ìpele tó tẹ̀lé e, a óò so àwọn tí máàkì wọn bára mu pọ̀, kí òpè pàdé òpè, kí ọ̀jáfáfá pàdé ọ̀jáfáfá. Ẹni méjì kò gbọdọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Bí iye wọn kò bá pé ní méjì méjì, ẹni tó ṣẹ́kù yóò gba máàkì kan lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò ju báyìí lọ. Bébà àti bírò ti tó láti ṣe é.

Fún ọmọ 32 náà, ìpele márùn-ún ní ètò Swiss yóò fún wọn ní ayò 80. Kò sí ọmọ tí yóò ta ayò tó dín sí márùn-ún. Bí ìpele márùn-ún bá sì parí, ọmọ tó jáwé olúborí nínú márààrún kò lè ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ẹni tó fẹ́ gbé ife fún olúborí yóò rí ẹni gbé e fún.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: knockout kò ná wa lówó púpọ̀, kò sì gba àkókò. Irọ́ ni. Pátákó 16 ni ìpele àkọ́kọ́ knockout nílò. Pátákó 16 kan náà ni Swiss nílò. Ìpele márùn-ún ni knockout. Ìpele márùn-ún ni Swiss. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ní ìṣẹ́jú 15 láti ta tirẹ̀, ìpele kan kò lè ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ẹ fi àkókò ìsinmi díẹ̀ kún un. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nínú knockout, pátákó mẹ́jọ yóò dùbúlẹ̀ lásán láti ìpele kejì, 12 yóò dùbúlẹ̀ ní ìpele kẹta, àwọn ọmọ tí ìbá sì máa ta ayò lórí wọn ti lọ sílé. Pátákó tí a fi owó rà là ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́.

Ta sì ni àwọn tí a lé lọ yẹn? Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ra pátákó fún, tí ilé ìwé aládàáni rẹ̀ ní olùkọ́ chess, kì í fìdí rẹmi ní ìpele àkọ́kọ́. Ọmọ tó ti oko ẹ̀gẹ́ wá ni. Ọmọbìnrin tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ abọ́ kó tó lè jáde ni. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ẹṣin ṣe ń fò ní àná ni. Ẹni tó nílò ayò jù lọ la kọ́kọ́ ń lé dànù, a sì ń fi àyè tó ṣẹ́kù ṣe ìtọ́jú ẹni tí wọ́n ti tọ́jú tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà wa kò ta ayò báyìí rí. Ẹ lọ wo abẹ́ igi tí wọ́n ti ń ta ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12, ọmọ ayò 48. Ọ̀ta wà níbẹ̀, òpè wà níbẹ̀. Wọn yóò fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹnu yóò fi kan wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ní kó dìde kó máa lọ sílé rẹ̀. Bó bá fìdí rẹmi, yóò tún un ta. Bí ẹlòmíràn bá gba ìjókòó, yóò dúró tì wọ́n, yóò máa fi ojú kọ́ ọgbọ́n ọ̀ta. Ibẹ̀ ni ọ̀ta ọ̀la ti ń jáde. Nítorí náà, ẹni tó ń pariwo pé chess kì í ṣe ti wa, ayò ọlọ́pọ́n ni ká kọ́ ọmọ, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ dé àyè kan: ká kọ́ wọn méjèèjì, ká sì gbé ìwà abẹ́ igi ayò wọ inú chess.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí láti ọ̀nà jíjìn, ẹ wo Tanítólúwa Adéwùmí. Ìdílé rẹ̀ sá kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 2017 nítorí Boko Haram, wọ́n sì ń gbé ní ibùdó àwọn aláìnílé ní New York. Ilé ìwé rẹ̀ níbẹ̀, P.S. 116, ló ti kọ́ chess. Ìyá rẹ̀ kọ̀wé pé àwọn kò ní owó tí wọ́n ń gbà fún ẹgbẹ́ chess, wọ́n sì yọ̀ǹda owó náà fún un. Nígbà tó lọ sí ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, máàkì tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára àwọn oníchess fi í sí 105, òun ló sì kéré jù nínú gbogbo àwọn tó wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó di olúborí ìpínlẹ̀ New York láàárín àwọn ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ láìfìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kankan. Ẹ bi ara yín léèrè: bí ọmọ tó kéré jù lọ yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ àwa tí à ń ṣe knockout, ayò mélòó ni ìbá ta ní ọjọ́ náà? Ẹyọ kan. Ta ló mọ̀ bóyá ìbá tún padà wá?

Olùkọ́ tó kọ́ Tanítólúwa ní ilé ìwé yẹn ni Shawn Martinez. Òun kan náà ló jókòó ko Túndé Ọnàkọ̀yà lójú ní Times Square ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tí wọ́n ta chess fún wákàtí 60, kí wọ́n tó tún lọ ta á fún wákàtí 64 ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ nínú wa wo fídíò yẹn, a pàtẹ́wọ́, a sì rò pé ariwo yẹn ni iṣẹ́. Rárá o. Ọdún 2018 ni Ọnàkọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ Májídùn ní Ìkòròdú, lábẹ́ ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa, kó tó dé Makoko, kó tó dé abẹ́ afárá Oshòdì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwa fẹ́ mú ọjọ́ àjọyọ̀ rẹ̀, a kò fẹ́ mú ọdún tó fi jókòó ti ọmọdé.

Ẹ jẹ́ ká má purọ́ fún àwọn òbí náà. Ẹni tó bá lọ sọ fún ìyá kan ní Agosasa pé chess yóò sọ ọmọ rẹ̀ di ọlọ́pọlọ pípé nínú ìṣirò, kí ló fẹ́ fi tì í lẹ́yìn? Ní ilẹ̀ England, wọ́n ṣe ìwádìí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 100, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2016. Lẹ́yìn ọdún kan, ìṣirò àwọn tó kọ́ chess kò dára ju ti àwọn tí kò kọ́ ọ lọ. Chess kì í ṣe àgúnmu ọpọlọ. Ohun tí mo mọ̀ pé ó ń ṣe kéré ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ó wúlò: ó ń mú ọmọdé jókòó fún ìdajì wákàtí, kó ronú kó tó fọwọ́ kan nǹkan, kó fìdí rẹmi lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, kó bọ ẹni tó borí rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì tún ọmọ ayò tò. Títún un tò yẹn ni ẹ̀kọ́ náà. Knockout ni ó sì ń gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò. Kí ni yóò rí níwájú bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn là ń nà án sí?

Ọ̀rọ̀ yìí kan Agosasa ju bó ṣe kan ibòmíràn lọ. Ìlú ẹnubodè ni wá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè. Ti Ìdíìrókò kò ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ìgbà tí àwọn ènìyàn bá dárúkọ agbègbè wa ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó, fàyàwọ́ ni wọ́n ń rántí, ìrẹsì àti epo bẹntiróòlù. Ọmọkùnrin ọdún 13 mọ iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó bá fi alùpùpù gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá. Mi ò ní chess yóò pa fàyàwọ́ rẹ́. Pátákó kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ pé ọmọ tí à ń bá du ọ̀sán rẹ̀ pẹ̀lú fàyàwọ́, a kò lè pè é wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ká lé e lọ lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ká wá ní a ti ṣe tiwa.

Kí ni ká ṣe? Ẹ pín owó tí ẹ bá rí sí ọ̀nà méjì. Ẹ fi èyí tó pọ̀ jù ra pátákó, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ ní ilé ìwé tàbí lọ́wọ́ àgbàlagbà tó ṣeé fọkàn tán. Ẹ má tún kó wọn padà sí Ìlaròó tàbí Èkó. Ẹ wá olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ girama méjì tí ń gbé ìlú, kí ẹ kọ́ wọn dáadáa nínú ìsinmi yìí, kí àwọn náà máa kọ́ àwọn ọmọdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ tí kò bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nítorí ọmọ tí ìyá rẹ̀ nílò nídìí àtẹ kò ní wá. Ẹ má gba owó ìforúkọsílẹ̀.

Ẹ sì fi Yorùbá kọ́ wọn. Ọba, ayaba, ẹṣin, ọmọ-ogun: gbogbo rẹ̀ ló ní orúkọ lẹ́nu wa. Lódìkejì ẹnubodè, ẹni tó bá ń sọ Faransé, orúkọ tó túmọ̀ sí wèrè ló ń pe èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bíṣọ́ọ̀bù. Bí Faransé bá pe bíṣọ́ọ̀bù ní wèrè tí chess kò sì bàjẹ́, kí ló dé tí àwa ń tijú láti pe ẹṣin ní ẹṣin?

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ wá ṣe ìdíje. Ẹ pe àwọn ọmọ Ìpókíá, ẹ pe ti Ìdíìrókò. Ẹ fi Swiss ṣe é, kí gbogbo wọn jẹun pa pọ̀, kí wọ́n sì jọ lọ sílé ní àkókò kan náà. Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ ra ife. Bí kò bá ṣẹ́kù, ẹ fi ọwọ́ bọ olúborí lọ́wọ́.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n máa ń bẹ̀ kí wọ́n dá owó sí i, ẹ gbà mí láyè kí n fi ohun kan bẹ̀ yín. Ìgbà mìíràn tí ìwé ìrànlọ́wọ́ bá dé ọwọ́ yín fún ìdíje chess àwọn ọmọdé, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò gba ife. Ẹ béèrè iye ayò tí ọmọ tó gbẹ́yìn yóò ta, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí wọn kò bá rí èsì fún yín, ẹ fi owó yín sápò.