JÌTÁ Ń KÙN BÍ OYIN NÍ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ: ÌYÁ ONÍKÒKÒ LÓ MỌ ÌDÍ Ọ̀RỌ̀!

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olórin nìkan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra ìkòkò rí láyé ẹ̀, yóò yé e. Owó ló sì wà nínú ẹ̀, owó ìyá ọlọ́mọ.

Irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta ìkòkò amọ̀, àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ta jìtá, fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní módẹ́là. Ẹ̀rọ náà ò ju Bíbélì ńlá lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò ní ru áḿpù kiri mọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jìtá sókè. Òun ò sì ní ru àpótí sípíkà tí géńdé méjì ń gbé mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti wọ inú módẹ́là. Ìyá kó àjọ tó ti dá fún oṣù mẹ́wàá, ó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Ọmọ so jìtá mọ́ módẹ́là, ó fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sínú míkísà, ó fọwọ́ kan okùn jìtá. Háà! Ohun tó jáde kì í ṣe ohùn jìtá. Ó ń kùn bí oyin tí wọ́n sọ lókò, ó ń ha bí ayùn tó kan ìṣó. Àwọn akọrin ń wo ara wọn lójú. Màmá àgbà kan níwájú fọwọ́ di etí.

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

"Màámi, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Iye tí wọ́n bá ti san ni mo máa tà á."

"Tà á kẹ̀? Owó àjọ mi lo fẹ́ fi tàfàlà yẹn! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o tiẹ̀ kàn án wò dáadáa kó o tó gbé e wálé?"

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, Màámi. Kì í ṣe ìkòkò."

Ìyá ò mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lòun fọwọ́ lé.

KÍ LÓ DÉ TÓ Ń KÙN?

Afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n ni ohùn. Etí tó dá ṣáká lè gbọ́ èyí tó ń gbọ̀n nígbà 20 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, títí dé èyí tó ń gbọ̀n nígbà 20,000. Èyí tó kéré ni ohùn ìlù ńlá tó ń dún nínú àyà, èyí tó pọ̀ ni ohùn ṣaworo. Sípíkà jìtá, pàápàá oní-ínṣì 12 tí àwọn olórin fẹ́ràn, kì í lè gbé èyí tó pọ̀ jù. Tó bá ti kọjá bí 5,000, ohùn ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ kíákíá, torí bébà tó ń gbọ̀n nínú ẹ̀ wúwo ju kó máa sáré tó bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbùkù nìyẹn, àbí? Rárá o, oore ló ń ṣe. Tí áḿpù bá ti gbóná, tí jìtá ń bú bíi kìnnìún, ariwo wẹ́wẹ́ máa ń pọ̀ lókè ohùn náà. Sípíkà ló ń dí wọn lọ́nà. Asẹ́ ògì ni: ògì á kọjá, pàǹtí á dúró. Àpótí náà ń ṣe tiẹ̀. Igi rẹ̀ ń gbọ̀n, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń ti sípíkà padà. Èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí àti èyí tí wọ́n dé pa, ohùn wọn ò lè jọra láé. Kápẹ́ńtà tó bá ti kan irú àpótí bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí à ń wí.

Ṣùgbọ́n sípíkà ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí míkísà ń rán ohùn sí, kì í ṣe asẹ́. Wọ́n ṣe é kó lè gbé ohùn oníwàásù àti ti akọrin jáde lódindi, títí dé wẹ́wẹ́ tó wà lókè pátápátá. Jìtá tí kò bá gba inú asẹ́ kọjá kó tó débẹ̀, tògì tòun ti pàǹtí ni yóò bá jáde. Oyin tó ń kùn nìyẹn.

ÌKÒKÒ TÍ WỌ́N FI ÌKA KÀN

Báwo ni wọ́n ṣe wá ki àpótí tí géńdé méjì ń gbé bọ inú ẹ̀rọ tó tó Bíbélì? Ẹ wo oníbàárà tó fẹ́ ra ìkòkò. Kò ní gbé e kaná lọ́jà, ìka ló máa fi kàn án. Tó bá dún gọ̀ọ́ún, ara ẹ̀ yá. Tó bá dún kẹ̀kẹ̀, ó ti sán. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n kàn án, ìkòkò ti jẹ́wọ́ bó ṣe nípọn àti bó ṣe jiná tó.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe fún àpótí sípíkà. Wọ́n á gbé máíkì síwájú ẹ̀, wọ́n á kàn án lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe pẹ̀lú ìka, ohùn ni wọ́n á fi kàn án. Torí pé kíkàn ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà lágbára tó, wọ́n lè jẹ́ kí àpótí náà han fún ìwọ̀nba sẹ́kọ́ǹdù, kó gòkè díẹ̀díẹ̀ láti 20 dé 20,000. Kọ̀ǹpútà á wá fi ìyẹn ṣírò bí kíkàn kan ṣoṣo ìbá ṣe dún títí yóò fi dákẹ́. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Fáìlì yẹn ni àwọn olórin ń pè ní IR. Kì í gùn rárá. Tí nọ́ńbà inú ẹ̀ bá jẹ́ 2,048, tí ẹ̀rọ sì ń ka 48,000 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, tí a bá pín sẹ́kọ́ǹdù kan sí ọ̀nà 20, kò pé ìpín kan.

Nígbà tí ọmọ bá wá ta jìtá, módẹ́là á gé ohùn náà wẹ́wẹ́, ẹyọ 48,000 ní sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan á kan ìkòkò náà: èyí tó le á kàn án gidi, èyí tó rọ̀ á kàn án jẹ́jẹ́. Ìró wọn á gun orí ara wọn, ẹ̀rọ á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìṣirò yẹn láìgba ọ̀nà àbùjá, yóò sọ nọ́ńbà di púpọ̀ ju ìgbà mílíọ̀nù 98 lọ fún sẹ́kọ́ǹdù kan ṣoṣo! Ohun tó máa jáde lẹ́yìn èyí ni jìtá tó dà bíi pé ó gba inú àpótí náà kọjá.

Ibi tí máíkì wà náà ṣe pàtàkì. Tó bá dojú kọ àárín sípíkà, ohùn á mú. Tí wọ́n bá sún un sí etí rẹ̀, ohùn á rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àpótí kan fi lè ní IR bí ogún.

ẸNI TÓ Ń MỌ ÌKÒKÒ LÓ Ń TA ÌRÓ ÌKÒKÒ

Ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1982, ní Amẹ́ríkà, Tom Scholz, onijìtá ẹgbẹ́ Boston, gbé Rockman jáde, ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi kọ́ ìgbànú kí wọ́n fi íápíìsì gbọ́ ọ. Kò sí IR nínú ẹ̀, asẹ́ tí wọ́n fi wáyà tò ló ń farawé sípíkà. Lọ́dún 1998, ilé-iṣẹ́ Line 6 gbé POD wọn dé, ó pupa, ó rí bíi kíndìnrín. Lọ́dún 2011, Christoph Kemper ní Jámánì gbé tiẹ̀ jáde, èyí tó ń tẹ́tí sí áḿpù, àpótí àti máíkì, tó sì ń ṣe ẹ̀dà ohùn wọn.

Ṣùgbọ́n èyí tó kan ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ jù ni ti Celestion. Láti ọdún 1924 ni ilé-iṣẹ́ yìí ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sípíkà wọn ló wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí jìtá olókìkí. Nígbà tí wọ́n rí i pé ayé ti ń yí, wọn ò jókòó sunkún. Lọ́dún 2017, àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ta IR sípíkà wọn. Wọn ò sì tìtorí ẹ̀ pa sípíkà ṣíṣe tì. Kápẹ́ńtà tó ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, kó rántí: àpótí tí wọn ò bá kàn dáadáa, ìró wo ni wọ́n fẹ́ gbà lẹ́nu ẹ̀?

Àwòrán èèyàn kì í ṣe èèyàn náà. Bí àpótí ṣe dún lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án ni IR mọ̀. Bébà sípíkà máa ń yí ìṣe padà tí wọ́n bá fi agbára lé e, IR nìkan ò lè sọ ìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń gbá onijìtá létí ṣòkòtò lórí ìtàgé, kò sí nínú fáìlì. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan ṣì fi ń ru àpótí wọn.

ÀBỌ̀ Ọ̀RỌ̀

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú míkísà tẹ̀ wo ojú módẹ́là.

"Àbúrò, ṣé o tan CAB?"

"CAB kẹ̀, Bọ̀dá? Kí nìyẹn?"

Iṣẹ́ méjì ni módẹ́là ń ṣe: ó ń ṣe bí áḿpù, ó tún ń ṣe bí àpótí. Ti àpótí ni wọ́n kọ CAB sí lára, wọ́n sì ti pa á. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kàn án, oyin fò lọ, jìtá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un: "Tó o bá so ó mọ́ áḿpù tó ní sípíkà jìtá tiẹ̀, kó o pa CAB o. Asẹ́ kì í gun orí asẹ́. Tó o bá gbàgbé, jìtá á máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kàǹga."

Nígbà tí ọmọ ròyìn fún ìyá, ìyá kàn rẹ́rìn-ín. "Mo ní kó o kàn án wò, o ní kì í ṣe ìkòkò."

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi owó àjọ ra ẹ̀rọ fún ọmọ, ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n ń rà á fún, kí ẹ tó pariwo olè, kí ẹ tó tà á lọ́pọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ohùn gbà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.