Ohun Tó Bá Gba Awọ Ara Wọlé, Oògùn Ni

Ẹ lọ sí ọjà Bálógun l'Ékòó tàbí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ẹ dúró níwájú ìsọ̀ ẹni tó ń ta ìpara, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń polówó ọjà rẹ̀. Kò ní sọ pé ìpara òun ń mú ara dán kó dákẹ́ síbẹ̀. Yóò ní ó ń wọnú awọ ara lọ́hùn-ún, ó ń lọ bá àbàwọ́n níbi tó sá pamọ́ sí, ó ń tún ara ṣe láti inú wá. Bí wọ́n bá wá kọ “nano” sára páálí rẹ̀, owó rẹ̀ á lọ sókè. N kò bá ẹnikẹ́ni jà torí pé ó fẹ́ kí ara òun dán. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tó ń ta ohun tó ní ó ń wọnú ara ènìyàn, tó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ohun ẹ̀ṣọ́ ni. Ohun tó bá gba awọ ara wọlé, oògùn ni. Kí òfin wa pè é ní oògùn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí oògùn, kí ẹni tó ń tà á sì jíhìn bí ẹni tó ń ta oògùn.

Iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún awọ ara ni pé kó dènà. Ìpele òkè pátápátá, tó jẹ́ òkú sẹ́ẹ̀lì, kò nípọn ju nǹkan bí máíkírónì 10 sí 20 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi lára, síbẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí omi ara wa gbẹ tán, òun náà ni kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí ìta rọ́nà wọlé. Ní ọdún 2000, Bos àti Meinardi, onímọ̀ méjì ní Netherlands, ṣàlàyé pé ohun tí ìwọ̀n mólékù rẹ̀ bá ti ju 500 dáltọ̀nù lọ kì í sábà kọjá níbẹ̀. Kọlájìnì tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára ìpara tó nǹkan bí 300,000 dáltọ̀nù. Ẹ fi í para láti òwúrọ̀ di alẹ́, òkè awọ ni yóò máa wà.

Ibi tí ìmọ̀ nano ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Irun orí kan ṣoṣo fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 nánómítà. Alec Bangham àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i láàárín ọdún 1960 sí 1969 pé àwọn ọ̀rá kan máa ń ká ara wọn jọ sínú omi, wọ́n á di àpò tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Àpò yìí ni wọ́n ń pè ní liposome. Èèyàn lè di oògùn sínú rẹ̀. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ọ̀rá ló kún àárín sẹ́ẹ̀lì ìpele òkè awọ ara wa, àpò ọlọ́ràá á bá ibẹ̀ rẹ́ ju omi lásán lọ. Nígbà tó di 1986, ilé iṣẹ́ Dior ti fi liposome sínú ìpara Capture, wọ́n ń tà á fún aráyé. Láti ìgbà náà ni àwọn ológe àti àwọn oníṣègùn ti jọ ń lo irinṣẹ́ kan náà, àmọ́ òfin tí wọ́n fi ń mú wọn kò dọ́gba.

Àwọn baba wa kò ṣe àṣìṣe pé kí wọ́n pe ohun tó ń wọnú ara ní ẹ̀ṣọ́. Wọ́n mọ̀ pé ògiri ni awọ ara, ìdí nìyẹn tí oníṣègùn fi ń sín gbẹ́rẹ́. Abẹ ló fi ń la ọ̀nà, ìka ló fi ń ra oògùn dúdú sí ojú gbẹ́rẹ́ kó lè bá ẹ̀jẹ̀ pàdé. Kó tó mú abẹ, ó ti bi ẹni náà léèrè ohun tó ń ṣe é. Lẹ́yìn tó bá sín in tán, á sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún un. Kò sí èyí tó sín gbẹ́rẹ́ fún ènìyàn tó pè é ní ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó ń fi liposome la ọ̀nà lónìí, iṣẹ́ abẹ yẹn náà ló ń ṣe, àmọ́ kò béèrè ohunkóhun, kò sì sọ èèwọ̀ kankan.

Ẹ wo bí àwọn tó ń ṣe é bó ṣe yẹ ṣe ń ṣe é. Ní 1979, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àlẹ̀mọ́ra (patch) scopolamine tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí kí èébì má baà gbé ènìyàn lórí ìrìn àjò. Oògùn ni wọ́n pè é. Ti fentanyl, oògùn ìrora líle, tẹ̀ lé e ní 1990. Wọn kì í gbé e mì, wọn kì í fi abẹ́rẹ́ gún un síni lára, síbẹ̀ àwọn ọmọdé tó he èyí tí àgbà ti lò sọ nù ti bá a kú. Bí awọ ara ṣe ń jẹ́ ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Nítòsí wa ní Gáḿbíà, wọ́n dán àlẹ̀mọ́ra tó ní abẹ́rẹ́ tíntìntín wò fún àjẹsára èéyi àti rubella, àbájáde rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 2024. Àgbàlagbà 45 ni wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ 120 tó ti ń rìn, kí wọ́n tó wá kan ìkókó 120. Ẹni tó gbà gbọ́ pé ohun tóun mú lọ́wọ́ ń wọnú ara, bó ṣe ń rọra tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì péré ló wà fún ẹni tó ń ta ìpara nano. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá wọlé, irọ́ ló ń pa, owó olówó ló sì ń gbà lọ́nà èrú. Bó bá wọlé, oògùn ló ń tà láìgba àṣẹ oògùn. Kó mú ọ̀kan. Kò sí ìkẹta.

Ọ̀rọ̀ ìpara tó ń bóra ló mú kí èyí di kánjúkánjú. Hydroquinone, èròjà kan tí wọ́n fi ń bóra, kò ju nǹkan bí 110 dáltọ̀nù lọ. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a la ọ̀nà kó tó wọlé. Ní 1975, oníṣègùn awọ ara ní South Africa, G. H. Findlay, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àwọn obìnrin tó ń fi í bóra: dípò kí ojú wọn mọ́, ó dú mọ́ búlúù, ó sì yọ kókó wínníwínní. Ìjọba ibẹ̀ kọ́kọ́ ní kó má kọjá ìdá 2 nínú 100. Kò ṣiṣẹ́. Ní 1990 wọ́n fòfin de ìpara ìbóra pátápátá. Steroid àti mẹ́kúrì náà ń wà nínú ìpara ìbóra. Steroid ń sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹlòmíràn, okùn tí wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́ kì í dúró. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Gbogbo wa la mọ àmì ìbóra lójú pópó: ojú pupa, iṣan hàn lábẹ́ rẹ̀, oríkèé ìka ọwọ́ dúdú kirikiri. Bí àwọn májèlé yìí bá ń ṣe èyí láìsí olùrànlọ́wọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fún wọn ní àpò tí yóò gbé wọn wọlé?

Síbẹ̀, ìwàásù la ń ṣe fún àwọn obìnrin, pé wọn kò fẹ́ràn àwọ̀ tí Ọlọ́run dá mọ́ wọn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹni tó po májèlé ló yẹ ká kọ́kọ́ mú.

Àwọn kan á ní òfin líle yóò pa àwọn oníṣòwò kéékèèké. Irọ́ ni. Ẹni tó ń ta ọṣẹ dúdú, òrí àti àdí àgbọn, tó ní ó ń mú ara dán, kò lẹ́jọ́ kankan pẹ̀lú òfin tí mò ń béèrè. Ìwọ tó o bá ní tìrẹ ń wọnú ara nìkan ló kàn. Wọ́n tún lè ní a ó fi dí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́. Ní yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbájé Lateef àti ẹgbẹ́ onímọ̀ nano ibẹ̀ ti fi èèpo obì àti òwú aláǹtakùn ṣe fàdákà nano, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà jáde kí ojú gbogbo àgbáyé lè yẹ̀ ẹ́ wò. Irú wọn ni òfin yìí yóò gbè, torí ayédèrú tó tẹ “nano” sára ike láìní yàrá ìwádìí ló ń ba ọjà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì ní ara òun ni, òun ló ni ín, kó rántí pé ènìyàn kì í yan ohun tí wọn kò sọ fún un. Mẹ́kúrì tí ìyá fi para kì í dúró sára ìyá nìkan. Ó ń ràn mọ́ aṣọ ìbora, ó ń dé ara ọmọ tó ń gbé.

Òfin tí mò ń béèrè yìí kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Láti oṣù Keje ọdún 2013, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ pé kí orúkọ ohun èlò nano tó bá wà nínú ohun ẹ̀ṣọ́ ní àmì nano lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lára páálí. Ọ̀pọ̀ irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí ní oṣù 6 kó tó gbé e dé ọjà. NAFDAC, àjọ ìjọba Nàìjíríà, ní agbára lórí oògùn àti ohun ẹ̀ṣọ́ láti 1993. Kó pa á láṣẹ pé ìpara tó bá ní òun ń wọnú ara gbọ́dọ̀ gba ìforúkọsílẹ̀ oògùn, pẹ̀lú ẹ̀rí àyẹ̀wò lára ènìyàn. Kí gbogbo ohun tó jẹ́ nano hàn lára páálí. Kí òfin náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń po ìpara nínú yàrá tí wọ́n ń tà á lórí Instagram.

Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin tó ń rà á, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè kan: ṣé ó ń wọlé àbí kò wọlé? Bó bá ní kò wọlé, ẹ má san owó nano. Bó bá ní ó wọlé, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ oògùn rẹ̀ hàn yín. Bí kò bá ní in, ẹ gbé owó yín padà sápò.