Bíbò Kì í Ṣe Títì

Nígbà tí àwọn Yorùbá àtijọ́ bá di àrokò ránṣẹ́, ẹni tí ó gbé e lọ lè má mọ ohun tí ó ń sọ. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n kọjú síra jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Àìmọ̀ ẹni tí ń wò ó nìkan ni ó bo ọ̀rọ̀ náà. Kò sí àgádágodo lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Ohun tí a bá kọ sáàárín àmì <!-- àti àmì --> kò ní hàn sí òǹkàwé. Iṣẹ́ rere ni àmì náà wà fún: kí òṣìṣẹ́ kan lè fi àlàyé sílẹ̀ fún èkejì tí yóò tún ojú ìwé náà ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bò yìí kò jókòó sílé. Ó ń bá ojú ìwé náà dé orí kọ̀ǹpútà ẹni tí ń kà á, ẹni tí ó bá sì tẹ Ctrl àti U pọ̀ yóò rí i kedere.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Josh Renaud, akọ̀ròyìn St. Louis Post-Dispatch ní Amẹ́ríkà, rí i pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn olùkọ́ wà lẹ́yìn ojú ìwé kan tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Missouri gbé jáde. Kò hàn lójú, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn náà kọ́kọ́ ta ìjọba lólobó, kò sì tẹ ìròyìn náà jáde títí tí wọ́n fi yọ ojú ìwé ọ̀hún kúrò. Ọpẹ́ wo ni wọ́n rí gbà? Gómìnà Mike Parson ní ẹni tó jí nǹkan wò lórí ẹ̀rọ ni akọ̀ròyìn náà, ó sì lérí ẹjọ́. Ó di oṣù kejì ọdún 2022 kí agbẹjọ́rò ìjọba tó sọ pé òun kò ní pe ẹjọ́ kankan.

Ẹni tí ó fi owó sábẹ́ ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, tí ó wá ń pe ẹni tí ó ṣí ẹní, tí ó sì kìlọ̀ fún un, ní olè!

Nàìjíríà náà ní òfin méjì lọ́wọ́. Ti ọdún 2023, lórí ààbò dátà, di ẹrù ru ẹni tí ó bá kó ìsọfúnni aráàlú pamọ́. Ti ọdún 2015, lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ọlọ́pàá ti fi mú àwọn akọ̀ròyìn kan rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Elizade, ní Ìlárá-Mọ̀kín, bá ṣàdéédéé rí nọ́ńbà àwọn ará ìlú lẹ́yìn ojú ìwé ilé iṣẹ́ kan lọ́la, èwo nínú òfin méjèèjì ni ọ̀gá ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ nawọ́ gán? Ọmọ tí kò bá mọ ìdáhùn yóò panu mọ́, nọ́ńbà náà yóò sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ tí gbájúẹ̀ yóò rí i. Ó yẹ kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba, láti Àkúrẹ́ títí dé ìjọba ìbílẹ̀, kọ ọ́ sójú ìwé wọn ní gbangba: ẹni tí a lè ta lólobó, àti ìlérí pé a kò ní mú ẹni tí ó bá wá sọ.