PÀṢÁN TÍ A FI NA ÌYÁLÉ Ń BẸ LÁJÀ FÚN ÌYÀWÓ



Nígbàkigbà tí ìjọba bá fẹ́ gba agbára kún agbára, ààbò ìlú ni wọ́n máa ń fi bojú. Wọ́n á ní nítorí ọ̀tá ni àwọn ṣe ṣòfin, pé kò kan ọmọlúàbí. Kò yẹ kí àwa òṣìṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, nítorí a mọ ẹ̀yìn ẹni tí pàṣán náà ń bà.

Ẹ wo Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní torí Hitler ni àwọn ṣe ṣe òfin ogun. Ṣùgbọ́n ní 1943, Imoudu tó ń bèèrè owó tó tó jẹun fún òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi òfin náà mú, tí wọ́n sì lé e lọ sí Auchi. Ó lé ní ọdún méjì kó tó padà wọ Èkó ní 1945.

Ní 1984, ìjọba ológun Buhari gbé Dìkíríì Kejì jáde. Wọ́n lè ti ènìyàn mọ́lé fún oṣù mẹ́ta láì fi ẹ̀sùn kàn án, kí wọ́n sì tún oṣù mìíràn lé e. Adájọ́ kankan kò gbọdọ̀ bèèrè ohun tó ṣe. Buhari lọ, dìkíríì kò lọ. Nígbà tí òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje 1994 nítorí ìbò June 12 tí ológun fagi lé, wọ́n mú Frank Kokori, akọ̀wé àgbà NUPENG. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́rin tó fi wà látìmọ́lé láì rí ẹjọ́ rò. Ìgbà tí Abacha kú ní 1998 ló tó jáde.

Ẹnì kan á ní ayé ológun nìyẹn. Ó dáa, ẹ gbọ́ ti ayé olóṣèlú. Òfin ìgbésùnmọ̀mí ti 2022 fàyè gba ilé-ẹjọ́ láti fọwọ́ sí i kí a ti afurasí mọ́lé fún 60 ọjọ́, kí a sì tún un ṣe títí ìwádìí yóò fi parí. Afurasí náà kò ní sí níbẹ̀ láti wí tẹnu rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2024, àwọn ènìyàn jáde nítorí ebi. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, wọ́n kó 76 nínú wọn wá sílé-ẹjọ́ l'Abuja, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba wà lára ohun tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn. Àwọn ọmọ kan ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀ nítorí àárẹ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀ ni ìjọba tó tú wọn sílẹ̀.

Wọ́n á bi wá pé ṣé a kò fẹ́ kí wọ́n mú ajínigbé ni. A fẹ́ bẹ́ẹ̀! Àwa awakọ̀ la wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ajínigbé, kó gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Ẹni tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ló ń sá fún adájọ́.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ẹsẹ 35, sọ ọ́ kedere. Kí olúkúlùkù mọ̀ ọ́n sórí:

1. Láàrin wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú ọ fún ọ, ní èdè tí o gbọ́. Bó bá jẹ́ Yorùbá lo gbọ́, Yorùbá ni.

2. O lè panu mọ́ títí ìwọ àti lọ́yà rẹ, tàbí ẹni tí o bá yàn, yóò fi rí ara yín.

3. Bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàrin 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé ọ débẹ̀. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì ni, àfi bí ilé-ẹjọ́ bá rí ìdí láti fi kún un.

Ohun tí a ń bèèrè kò ju pé kí ìjọba pa òfin yìí mọ́, kí wọ́n sì yọ àtìmọ́lé 60 ọjọ́ kúrò nínú òfin 2022. Níbi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a yan ẹni méjì tí yóò tọ́jú nọ́ńbà lọ́yà, tí yóò sì tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má ṣe bèèrè bóyá ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Bí a bá dákẹ́ lónìí nítorí pé ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni, ọjọ́ tí a bá daṣẹ́ sílẹ̀ ni pàṣán yóò kàn wá.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!