Ọkọ̀ Tí A Tún Ṣe, Òfin Tí A Kò Kà



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ télọ̀ ní àdúgbò wa wá bá mi nílé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sì dúdú láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọlọ́pàá dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n béèrè ìwé àṣẹ gíláàsì náà, kò sì ní in. Wọ́n ní kí ó san 50,000 náírà owó ìtanràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtìmọ́lé ni yóò sùn. Ó bẹ̀ títí, ó san 30,000 náírà, wọn kò fún un ní rìsíìtì, ó sì gba ilé lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé wá fún mi: “Bàbá, ṣé èmi ni mo rú òfin ni, àbí àwọn ni wọ́n rẹ́ mi jẹ?”

Mo dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, méjèèjì ni.”

Ìdáhùn yẹn ló bí ọ̀rọ̀ wa tòní. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tún ọkọ̀ ṣe: ẹlòmíràn a lẹ nǹkan dúdú mọ́ gíláàsì, ẹlòmíràn a pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹlòmíràn a kun ọkọ̀ ní ọ̀dà mìíràn. A kì í sì í béèrè ohun tí òfin sọ títí ọlọ́pàá yóò fi na ọwọ́ dá wa dúró. Lọ́jọ́ náà, ẹni tí kò mọ òfin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ níbi tó ti jàre, yóò sì máa jà níbi tó ti jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọmọ wa ti jẹ̀bi. Òfin tó de gíláàsì dúdú, èyí tí a ń pè ní tíńtẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe òfin àná. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ló gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1991, ó sì wà nínú ìwé àwọn òfin Nàìjíríà títí di òní. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ dúdú, ìbáà jẹ́ díẹ̀ tàbí púpọ̀, débi tí a kò fi ní rí ẹni tàbí ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi bí Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún àwọn ọlọ́pàá, tàbí ẹni tí ó yàn, bá fi àṣẹ sí i nítorí ìdí tó ṣe gúnmọ́, bí àìlera tàbí ààbò. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré láti yọ gíláàsì náà. Nítorí náà, “bí mo ṣe rà á nìyẹn” kì í ṣe àwíjàre níwájú adájọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka òfin náà dé òpin. Ìjìyà tó wà nínú rẹ̀ ni owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ ju 2,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì pọ̀. Ilé-ẹjọ́ nìkan ló sì lè fi ìjìyà náà jẹni, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ẹjọ́ tán. Ẹ wá gbé 2,000 náírà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ 30,000 náírà tí ọmọ wa san lójú títì. Ọlọ́pàá lè dá ọkọ̀ dúró kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè mú ẹni tó fura sí. Ó lè gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Kò ní àṣẹ láti bu owó ìtanràn léni lórí, kò sì ní àṣẹ láti gbà á. Àwọn àgbà ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó wá pe ẹni tó fi ẹ̀sùn kanni, tó dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, tó tún gba owó ìtanràn sápò?

Kò yẹ kí a ṣe bí ẹni tí kò mọ ìdí tí ọlọ́pàá fi ń bẹ̀rù gíláàsì dúdú. Àwa tí a wà ní Kánò ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2012, nígbà tí bọ́ǹbù ń dún káàkiri ìlú, tí wọ́n ń kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, a kò lè gbàgbé ọjọ́ náà láéláé. Sábọ́n Gàrí tiwa náà jẹ nínú ìyà ọ̀hún. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2013, bọ́ǹbù tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ bú gbàmù ní ibùdókọ̀ New Road, ó sì pa àwọn èrò tó ń múra àtilọ sí Gúúsù. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ní bínú pé ọlọ́pàá fẹ́ rí ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ẹ wa gíláàsì sílẹ̀, ẹ tan iná inú ọkọ̀ bí ó bá jẹ́ alẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù kò sọ ìwà ìrẹ́nijẹ di òfin. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè yìí tú jáde sí ìgboro nítorí ìyà tí wọ́n ní ẹ̀ka SARS fi ń jẹ wọ́n. Lára ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tó bá gun ọkọ̀ tó dára, tó sì kéré lọ́jọ́ orí, olè ni wọ́n kà á sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, wọ́n tú SARS ká. Òfin Ọlọ́pàá tuntun, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2020 kan náà, sì sọ ọ́ gbangba pé ìfura ọlọ́pàá gbọdọ̀ ní ìdí tó múná dóko: ọjọ́ orí ènìyàn, irun orí rẹ̀ tàbí aṣọ tó wọ̀ nìkan kò tó.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ tún gbóná ní ọdún 2025. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, Káyọ̀dé Ẹgbẹ́tókun tó jẹ́ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá nígbà náà kéde pé gbogbo ẹni tí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ dúdú gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ́kọ́ ní mímú yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, wọ́n sún un sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá. Ẹgbẹ́ Àwọn Amòfin Nàìjíríà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá, wọ́n ń béèrè bóyá òfin ológun yìí bá Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè mu, àti lábẹ́ àṣẹ wo ni wọ́n fi ń gba owó ìwé náà. Ilé-ẹjọ́ kan ní Warri sì pàṣẹ pé kí gbogbo nǹkan ṣì dúró bó ṣe wà. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọlọ́pàá tún kéde pé àwọn yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2026. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ìkéde lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n òfin tí a kọ sílẹ̀ wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí àwọn aṣòfin tàbí ilé-ẹjọ́ bá wọ́gi lé e. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tó nílò gíláàsì dúdú gba ìwé àṣẹ. Kí ẹni tí kò nílò rẹ̀ bọ́ ọ kúrò.

Nípa àwọn àtúnṣe yòókù, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Àwọ̀ ọkọ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣáṣí rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹni tó bá kun ọkọ̀ tàbí tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ó lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì kí wọ́n tún ìwé náà kọ, kí ó sì tọ́jú rìsíìtì ẹ́ńjìnnì tó rà, nítorí ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ kò bá ara rẹ̀ mu, bí ọkọ̀ olè ló ṣe rí lójú ọlọ́pàá. Ẹni tó sọ ọkọ̀ rẹ̀ di èyí tó ń lo gáàsì, kí ó gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Fèrè ọlọ́pàá kò sì sí fún ọkọ̀ ará ìlú. Ẹni tó bá fi sí i kò ní ẹ̀tọ́ kankan láti tọ́ka sí.

Wàyí o, bí wọ́n bá dá yín dúró, ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ rèé.

Èkíní, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ẹ wo orúkọ tó wà láyà ọlọ́pàá náà, ẹ má bà á ṣe gbólóhùn asọ̀, ẹ má sì sá.

Èkejì, ẹ béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ní ẹ ṣẹ̀. Abala 35 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọdọ̀ gbọ́ ìdí tí wọ́n fi mú un, ní kíkọ sílẹ̀, ní èdè tí ó gbọ́, kí wákàtí 24 tó pé. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Hausa lè béèrè pé kí wọ́n bá òun sọ ọ́ ní Yorùbá.

Ẹ̀kẹta, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tí ẹ fọkàn tán sọ̀rọ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò tíì kà.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n gbọdọ̀ gbé yín dé ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Sábọ́n Gàrí kò jìnnà sí ilé-ẹjọ́. Béèlì ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni. Wọn kò sì gbọdọ̀ mú bàbá, ìyàwó tàbí àbúrò dípò ẹni tí wọ́n ń wá.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fún wọn ní rìbá. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti kọ, ó sì nira láti ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ìbọn wà nílẹ̀. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ gba ẹ̀mí là ná. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi àti orúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e wá. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti àjọ tó ń fi òfin ran aláìní lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì ní Kánò níbí. Ìwé Òfin sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú lọ́nà àìtọ́ yóò gba owó ìtanràn àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba.

Ẹ lè béèrè pé kí ni èyí kan ìbò. Ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Òfin ọdún 1991 yìí, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá nìkan ló lè tún un ṣe. Ẹni tó bá ń wá ìbò láti ṣojú Fagge níbẹ̀, ẹ bi í léèrè: ṣé yóò gbé àbá wá láti ya gíláàsì ilé iṣẹ́ sọ́tọ̀? Ṣé yóò jẹ́ kí a mọ ibi tí owó ìwé àṣẹ ń lọ? KAROTA tó ń darí ọkọ̀ ní ìgboro Kánò, òfin ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2012. Ẹni tó fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni kí ẹ bi nípa ìyẹn. Gómìnà pẹ̀lú ní ẹnu ọ̀rọ̀: abala 215 fún un láṣẹ láti pàṣẹ tó bófin mu fún Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá lórí ààbò ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kọmíṣọ́nà lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Kí olùdíje má kàn pín ìrẹsì fún wa kí ó lọ. Kí ó dáhùn.

Ẹgbẹ́ wa kò ní kí ẹ dìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ohun tí a ń sọ ni pé àsìkò ìbò ni àyẹ̀wò ọ̀nà máa ń pọ̀ jù. Ẹ tún ìwé ọkọ̀ yín ṣe nísinsìnyí. Ní ọjọ́ ìdìbò, ẹ fi ọkọ̀ sílé, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ibùdó. Káàdì ìdìbò kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń dúró fún ọkọ̀. Ẹ má fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí gíláàsì.

Ọmọ wa télọ̀ ti bọ́ gíláàsì dúdú náà. 30,000 náírà rẹ̀ kò tíì padà, ṣùgbọ́n a ti kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, a sì ti fi ránṣẹ́. Bí ogún ènìyàn nínú wa bá kọ irú rẹ̀, yóò nira fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé irọ́ ni.

Olóòtú